Bí A Ṣe Parí Eré Àǹtí Sìdí Kí Ó Tó Bẹ̀rẹ̀

Àkùkọ kankan kò tíì kọ ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí mo ti wọ bàtà. Ìyàwó mi, Ìyá Ràfíù, jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Bàbá Ràfíù, ṣé ìpàdé káńsẹ́lọ̀ náà lẹ̀ ń lọ lóòótọ́, àbí ẹ fẹ́ lọ gbé ìyàwó?"

Mo ní kó bá mi wá fìlà mi, kó yéé da ọ̀rọ̀ rú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mò ń lọ bá. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe bíríkìlà lápá Lẹ́kí, tí ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa èrò, ẹ́sítéètì Jakande ní Ìlasan là ń gbé. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Sìdíkátù, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Àǹtí Sìdí. Òun ló kó àwa bíríkìlà, télọ̀ àti dírẹ́bà jọ, tó ń kọ́ wa ní eré orí ìtàgé nírọ̀lẹ́, láàárín fúláàtì sí fúláàtì. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Èébú ló fi ń sanwó fún wa.

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà. Bí Àǹtí Sìdí bá ti pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì fẹsẹ̀ janlẹ̀, eré parí nìyẹn. Ìbáà jẹ́ òkú lò ń ṣe, o gbọ́dọ̀ dìde, kí o gbé orin ìdágbére, kí o jó gba àárín àwọn òǹwòran jáde, kí o sì fa ẹni tó bá sún mọ́ ọ lọ́wọ́. Tó o bá pẹ́, o gbé. Èébú ọjọ́ náà, ìyá rẹ nílé á gbọ́ ọ.

Wọ́n ti wá dìbò yàn án ní káńsẹ́lọ̀ lápá Ajah báyìí. Ó pè mí lórí fóònù: "Bọ̀dá Gàní, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ wá jókòó níwájú, kí n rí ojú tí mo mọ̀." Pápá kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ eré lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún wọn pé òun á kọ́ gbọ̀ngàn síbẹ̀, ṣùgbọ́n olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ náà gan-an ni bàbá yóò sọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn.

Ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì kejì. Dírẹ́bà ní, "Bàbá, ẹ sún mọ́ra, mẹ́rin mẹ́rin ni o!"

Mo ní, "Ọmọ mi, mẹ́ta là ń jókòó lọ́dọ̀ wa."

"Tẹ́ ẹ bá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ máa mọ̀ pé kò sáyè fún mẹ́ta!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà sún.

Ní Awoyaya mo sọ̀ jẹun: ẹ̀wà àgọ̀nyìn àti búrẹ́dì, igba náírà. Nílé wa, inú ìkòkò kan náà ni ẹ̀wà àti ata ń gbé. Níbí, wọ́n ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí tọkọtaya tó ń jà, inú abọ́ ni wọ́n ti ń parí ìjà. Ata náà dúdú, ó dùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú lọ́wọ́ mi.

Mo yà ní ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà láti mú Múfú, télọ̀ ẹgbẹ́ wa, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní, "Bàbá, kí ni kóòdù yín?" Kóòdù ni nọ́ńbà tí onílé máa ń fi ránṣẹ́ sí àlejò kí wọ́n tó lè ṣílẹ̀kùn fún un. Mo ní, "Àgò onílé o! Kóòdù Ìjẹ̀bú nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, kò sì ṣí i. Múfú ló jáde wá bá mi. A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di pápá.

Èrò ti pé. Olórí ẹbí, bàbá arúgbó tó dé fìlà pupa, kò rẹ́rìn-ín sẹ́nì kan. "Sìdíkátù, ṣọ́ọ̀bù ń mówó wá. Kí leré ń mú wá?"

Àǹtí Sìdí dìde. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tí ọmọ kan bá..."

Ibi tó dé nìyẹn. Eṣinṣin ńlá kan ń fò yí i lójú ká. Ó fọwọ́ méjèèjì gbá a, pá! Kò bà á. Ó tún gbá a, pá! Ìgbà náà ni ìjàlọ bù ú jẹ lẹ́sẹ̀, ló bá fẹsẹ̀ janlẹ̀, gbì!

Èmi àti Múfú kò wojú ara wa. A ti dìde ná.

*A ti ṣe é o, ilé yá,*
*Ẹni jókòó, dìde ká lọ!*

Mo fa ìyá kan lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò bi mí léèrè, ó jó. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ eré mọ orin náà, wọ́n gbè é. Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo àga ti ṣófo. Àǹtí Sìdí ń ké lẹ́yìn wa, "Bọ̀dá Gàní! Eṣinṣin ni! Eṣinṣin ni mò ń pa!" Ta ní ń gbọ́?

A ti jó dé ìpẹ̀kun pápá kí n tó bojú wẹ̀yìn. Àǹtí Sìdí àti bàbá nìkan ló ṣẹ́ kù, obìnrin náà fọwọ́ bojú. A ti ba tiẹ̀ jẹ́! Èmi àti Múfú sáré padà, a dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn.

Bàbá ní, "Kí lèyí?"

Àǹtí Sìdí ní, "Bàbá, ìparí eré ni. Wọ́n ti parí èyí tí mi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Bàbá fẹ́ sọ̀rọ̀, ló bá rí ìyá tí mo fà lọ́wọ́, tó ń jó bọ̀ lóun nìkan, tó ń gbọn ìdí. Ìyàwó rẹ̀ ni!

"Ṣé obìnrin tó ní orúnkún ń dun òun láàárọ̀ yìí nìyẹn?"

Ẹ̀rín pa bàbá, fìlà pupa já bọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Sìdíkátù, èmi kì í wo eré tí mi ò rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́ gbọ̀ngàn náà, kẹ́ ẹ wá ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún mi."

Ìyàwó rẹ̀ lọgun, "Kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀bù kan sẹ́nu ọ̀nà fún mi o!"

Àǹtí Sìdí dì mọ́ wa, ó sì bú wa bí ìgbà àtijọ́. Àgbà wèrè la jẹ́, ó ní. Kò sí oyè tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ṣì wà díẹ̀ nígbà tí mo délé. Ohun tí mo kó bọ̀ láti ìrìn àjò náà ni pé ohun tí ara bá ti mọ̀, kì í bi orí léèrè kó tó ṣe é. Bí mo ṣe ń ròyìn fún Ìyá Ràfíù, tí mo dé ibi tí ìyá yẹn ti ń gbọn ìdí bọ̀, ẹnu yà á. Ó pàtẹ́wọ́, "Yéè!" Ó tún pàtẹ́wọ́, "Yéè!" Ló bá rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹsẹ̀ janlẹ̀.

Mo ti wà ní gbàgede, orin ti wà lẹ́nu mi, kí n tó rántí pé ilé mi ni mo wà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Ìyá Ràfíù ń jó bọ̀.