Ọ̀kadà Pupa Moríkẹ́ àti Ìnṣọ́ránsì Rẹ̀

Ẹni tó bá rí Moríkẹ́ Olówòkéré ní èbúté Igbókòdá lọ́jọ́ Ajé yẹn, bó ṣe ń nu táǹkì ọ̀kadà bí ẹni ń nu ojú ọmọ ìkókó, yóò rò pé nǹkan ti ṣe obìnrin náà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta! Ìyá ọmọ mẹ́rin, tó ti ní ọmọọmọ méje! Ọ̀kadà pupa ni, Họ́ńdà, tí olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì lò fún ọdún méjì péré. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà ni Moríkẹ́ rà á, owó ẹja yíyan tó ti ń kó jọ láti ọdún mẹ́ta. Ó ní ẹja lòun fẹ́ máa fi gbé lọ sí Òkìtìpupa, kí àwọn alágbàtà yé jẹ èrè òun mọ́ òun lójú. Òótọ́ ni o. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa jẹ: ohun tó wu ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ọ̀kadà wu Moríkẹ́ ni.

Kì í sì í ṣe àkọ́gùn rẹ̀. Ìlú ìjọ létí òkun ni wọ́n bí i sí, níbi tí ohun gbogbo ti jẹ́ ti gbogbo ènìyàn: ọkọ̀, àwọ̀n, ẹ̀rọ, aṣọ híhun, títí dórí oúnjẹ. Lọ́dún 1985, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlélógún, àwọn àgbà ìlú wo gbogbo ọ̀dọ́ yíká, wọ́n sì fa ọ̀kadà ìlú lé e lọ́wọ́ pé kó máa fi kó aṣọ láti Igbókòdá lọ sí Òkìtìpupa. Ọdún mẹ́jọ ló fi gùn ún. Ìgbà tó fẹ́ Pọ́ọ̀lù, apẹja ará Abereke, ó bá a dé ilé tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú omi. Kí ni ọ̀kadà fẹ́ ṣe níbi tí èèyàn ti ń wa ọkọ̀ lọ tọrọ ata lọ́wọ́ aládùúgbò? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pa á tì. Ọgbọ̀n ọdún gbáko kò gun ọ̀kadà.

Pọ́ọ̀lù ni ìṣòro. Ọkùnrin tó ń dá la ìgbì òkun kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ìjì kì í lé wálé, ẹ̀rù ọ̀kadà ń bà á bí ẹni rí ejò! "Omi ni mo mọ̀," ló ń wí. "Bí ọkọ̀ bá dojú dé, màá lúwẹ̀ẹ́. Bí ọ̀kadà bá dojú dé ńkọ́? Ta ní í lúwẹ̀ẹ́ lórí ọ̀dà?"

Kò sọ pé kí ìyàwó òun má gùn ún. Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó mọ ẹni tó fẹ́. Ó pè é ní ìyá ọmọ wọn lédè ìlú wọn, ó ní, "Ìye Gbọ́láhàn, o ò ní gbé ẹsẹ̀ lé e títí tó o fi máa rí ẹni tó máa bá wa ru ewu rẹ̀. Mi ò sọ ti ìwé tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá o. Èyí tó máa tún ọ̀kadà ṣe, tó sì máa tọ́jú ìwọ fúnra rẹ, ni mò ń sọ. Bó bá di Sátidé tí o ò rí i, tà á."

Moríkẹ́ ní ó dáa. Ó ti ṣèlérí nìyẹn. Oníbàárà sì ti wà nílẹ̀: Kọ́lájọ, tó ń fi ọ̀kadà kó èrò ní èbúté, ti fojú sí Họ́ńdà náà láti ọjọ́ tó ti dé. Lójoojúmọ́ ló ń wá fọwọ́ pa á lára. "Màmá, Sátidé kù díẹ̀ o," ni á wí, á sì máa rẹ́rìn-ín. Moríkẹ́ kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́rú, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dùnníolúwa, aṣojú iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù Tinúọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta àwọ̀n àti ọ́ìlì ẹ̀rọ ní Igbókòdá. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì yájú.

"Màmá, oríṣi méjì ni," ó wí. "Èyí tí ìjọba ní kí gbogbo ọlọ́kadà ní, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni lọ́dún. Ẹni tẹ́ ẹ bá gbá ló ń tọ́jú. Kò kan ọ̀kadà yín, kò sì kan egungun yín."

"Ọkọ mi ò ní gba ìyẹn."

"Ìkejì ni ẹ fẹ́ nígbà náà. Bí wọ́n bá jí ọ̀kadà, bó bá jóná, bó bá bàjẹ́, bẹ́ ẹ bá fara pa, iléeṣẹ́ wa á san án. Ìyẹn kò ní iye kan pàtó. Ìdáhùn yín sí àwọn ìbéèrè yìí ló máa sọ iye rẹ̀."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ìgbà wo lẹ gun ọ̀kadà kẹ́yìn? Moríkẹ́ ń dáhùn tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tó kan ibi tí ọ̀kadà yóò máa sùn, ó na ọrùn sókè.

"Ilé mi ní Abereke ni! Mo ti bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀. Lálaalẹ́ la ó máa gbé e sínú ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi. Ẹ̀rọ ọkọ mi, inú ilé ló ń sùn. Àwọ̀n, inú ilé. Ṣé nǹkan mi á wá sùn lóde bí ọmọ òrukàn ni?"

Dùnníolúwa wò ó, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tẹ fóònù rẹ̀ títí. "Màmá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́rin náírà ni."

Háà! Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì péré ló kù lọ́wọ́ Moríkẹ́ lẹ́yìn tó ra ọ̀kadà tán. Ojú rẹ̀ yí padà. "Torí pé mo hu ewú!" ó kígbe. "Bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn! Ẹ rí àgbàlagbà, ẹ ní kó sanwó ewú!" Kò dúró gbọ́ ohun tí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ sọ. Ó kó gèlè rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó ń bínú lọ sílé.

Pọ́ọ̀lù ń tún àwọ̀n ṣe nígbà tó wọlé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó béèrè ohun kan ṣoṣo: "Bí ohunkóhun kò bá ṣe ọ́ títí ọdún fi parí, ṣé wọ́n á dá owó náà padà?"

"Rárá."

"Olè ni wọ́n!"

Ẹ ò wá ní gbà pé Moríkẹ́, tó ti ń ṣépè láti èbúté, ló wá yí padà tó ń gbèjà wọn! "Ẹ dúró ná, Bàbá Gbọ́láhàn. Wọn kì í ṣe olè. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ìlú wa, ṣebí gbogbo ilé ló ń mú tiwọn wá sínú àpò ìlú? Ẹni tí òkun bá gbé ọkọ̀ ọwọ́ rẹ̀ lọ, wọ́n á fi kan òmíràn fún un. Ọdún méjìlá ni òkun kò fọwọ́ kan nǹkan bàbá mi. Ṣé bàbá mi lọ sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n dá tòun padà? Ó ń dúpẹ́ ni! Lọ́dún kẹtàlá ni omi kó ilé wa lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wọ tuntun."

Pọ́ọ̀lù tún mú àwọ̀n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, kò kàn fẹ́ sọ ni.

Àmọ́ bí Moríkẹ́ ṣe ń sọ ọ́ ni nǹkan mìíràn sọ sí i lọ́kàn. Ní ìlú wọn, àwọn àgbà kì í bu owó lé èèyàn láìdìde níwájú ìjọ kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí fún pákó, èyí fún epo, èyí fún opó. Ẹni tí kò bá yé á nawọ́. Òun ńkọ́? Wọ́n pe ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́rin, òun fi ìbínú wọ ọkọ̀, òun ò nawọ́! Kò lè jókòó mọ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lórí pákó ilé títí Pọ́ọ̀lù fi ní kó má jẹ́ kí ilé wó.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ́jọ́bọ̀ ló wọ̀. "Ọmọ mi, forí jì mí," ló kọ́kọ́ sọ fún Dùnníolúwa nígbà tó bá a ní ṣọ́ọ̀bù Tinúọlá. "Ó yá, kà á fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Inú ọmọ náà dùn. "Ọ̀kadà yín fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìtọ́jú tiyín, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Ti ọjọ́ orí yín, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta."

"Mélòó?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta péré, Màmá. Ọmọ ogún ọdún ń san ju ìyẹn lọ, torí eré àsápajúdé wọn."

Moríkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ewú tó ti ń bá jà láti àná, owó rẹ̀ kò tó ti apẹ̀rẹ̀ edé kan!

"Ti ọgbọ̀n ọdún tẹ́ ẹ fi pa á tì, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń padà bọ̀ sórí ọ̀kadà, iléeṣẹ́ kò mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ̀ ọ́n. Bẹ́ ẹ bá gba ìwé lọ́wọ́ olùkọ́ ilé ìkọ́wakọ̀ pé ẹ ṣì lè gùn ún, a ó yọ ọ́. Ó wá ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún."

"Kí nìyẹn?"

"Omi ni, Màmá. Ẹ ní lálaalẹ́ ni ọ̀kadà á máa wọ ọkọ̀, tí á máa sùn lórí òkun. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, ìyẹn ló ba iléeṣẹ́ wa lẹ́rù jù."

Moríkẹ́ la ẹnu sílẹ̀. Ohun tó fi yangàn ló ń gbé owó lé e lórí! Ìfẹ́ tó ní sí ọ̀kadà náà ni kò jẹ́ kó fẹ́ kó sùn lẹ́yìn òun, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ yẹn ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí Tinúọlá. Tinúọlá kò tilẹ̀ jẹ́ kó béèrè.

"Ṣé o ò rí ilẹ̀kùn irin yìí ni? Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń dúró kó o bi mí! Àárín àwọn àwọ̀n ni yóò máa sùn."

Ó ku ìwé olùkọ́. Ilé ìkọ́wakọ̀ kan wà lẹ́bàá pápá, tí olùkọ́ rẹ̀ gbà láti gba ẹja yíyan dípò owó. Pọ́ọ̀lù ní kó má tíì gun ọ̀kadà tirẹ̀, kò sì gùn ún: ti olùkọ́ ló gùn. Ó dé akoto, ó so ìró rẹ̀ mọ́ ara lórí ṣòkòtò, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dún. Ó fi sí jíà. Ọ̀kadà fò síwájú bí ewúrẹ́, ó kú. Àwọn tó ń wòran rẹ́rìn-ín, Kọ́lájọ ló sì rẹ́rìn-ín jù.

"Ẹ rọra tú kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ òsì yẹn sílẹ̀, Màmá," ni olùkọ́ wí.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó kú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbéra. Yéè! Ẹ bá wo Moríkẹ́! Ó yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó yí orí rẹ̀ gba àárín àwọn ọ̀pá tí olùkọ́ rì mọ́lẹ̀, kò kan ọ̀kankan. Afẹ́fẹ́ ń gbá a lójú, ó ń kígbe "Hòò! Hòò!" láìmọ̀ pé òun ń kígbe. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́ Ẹtì, lẹ́yìn tó ti gùn ún lọ́jọ́ méjèèjì, olùkọ́ fọwọ́ sí ìwé.

Sátidé, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ bá a wá. Kọ́lájọ ti wà níbẹ̀ tòun ti owó nínú àpò. Dùnníolúwa gba ìwé olùkọ́, ó kọ ṣọ́ọ̀bù Tinúọlá sí ibi tí ọ̀kadà yóò máa sùn, ó tún un ṣírò lójú gbogbo wọn. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n náírà."

Tinúọlá pariwo. Kọ́lájọ mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ sí Moríkẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ kú oríire. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín lẹ fi gbà á lọ́wọ́ mi." Moríkẹ́ kò gbọ́ ọ dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Pọ́ọ̀lù ti gba ìwé náà, ó ń kà á láti òkè délẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á tán, ó tún un kà.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó wí nígbẹ̀yìn, "ibí yìí ṣófo. Kí ni wọ́n ń kọ síbẹ̀?"

"Ti ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ni, Bàbá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí i, a ó máa tọ́jú òun náà. Màmá ní kí n fi sílẹ̀."

"Ẹja ni màá máa gbé sẹ́yìn," Moríkẹ́ wí kíákíá. "Kò sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀."

Pọ́ọ̀lù ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló yọ, ó gbé e lé orí ìwé.

"Kọ Pọ́ọ̀lù Olówòkéré síbẹ̀."

"Bàbá Gbọ́láhàn!" Moríkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà?"

"Ẹ̀rù ń bà mí," Pọ́ọ̀lù wí. "Àmọ́ ẹ̀rù kí n jókòó sílé máa fojú sọ́nà fún ọ ló bà mí jù." Ó rìn lọ sí ìdí ọ̀kadà pupa náà, ó yí i po, ó tẹ ìjókòó ẹ̀yìn wò bí ẹni tó ń wò bóyá pákó ọkọ̀ lè gbà á. Ló bá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìye Gbọ́láhàn, ibo ni wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sí?"