Fíríísà Ẹlẹ́ja Tó Gba Omi Ọyàn Mi

Mo máa ń bínú, mi ò ní parọ́. Ọkọ mi ní orí kunkun ni wọ́n fi bí mi, mi ò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ọyàn, orí kunkun yẹn ṣe mí láǹfààní, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Àkọ́bí mi kò mu ọyàn kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó máa ń ké ṣáá, mo sì gbà pé omi kò sí láyà mi. Àwọn tó wá kí wa ní kí n fún un ní omi, kí n fún un ní mílíìkì agolo, mo gbọ́ tiwọn, kí n sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọyàn ti gbẹ. Kò sẹ́ni tó bú mi. Èmi ni mo bú ara mi. Nígbà tí mo lóyún èkejì, mo sọ fún ọkọ mi pé ọyàn nìkan ni ọmọ yìí máa mu fún oṣù mẹ́fà gbáko. Kẹ́mísìrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Bódìjà, oṣù mẹ́ta péré sì ni wọ́n ń fún olùkọ́ tó bá bímọ. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é. Mo ní kó máa wò mí.

Ohun tí mo fi ṣe é kò ju ife rọ́bà kan lọ. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló fún mi. Sílíkóònù ni wọ́n fi ṣe é, ó rọ̀, ó mọ́ gaara, kò ní wáyà, kò lo bátìrì. Wàá fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀, wàá gbé ẹnu rẹ̀ lé orí ọyàn, wàá wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó máa lẹ̀ mọ́ àyà pẹ́kí, á sì máa fà. Bí ọmọ ṣe ń mu apá ọ̀tún, omi apá òsì á máa kán sínú ife. Nígbà àkọ́bí, tówẹ́ẹ̀lì ni mo fi ń nu omi yẹn, tí n ó tún máa sunkún pé ọyàn mi ò lómi. Ẹ ò rí ayé mi bí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lo ife náà, ó kún dé ìdajì. Mo gbé e sí ojú fèrèsé, mo ń wò ó, mo sì pe ọkọ mi láti yàrá kejì pé kó wá wo ohun tí ìyàwó ẹ̀ ṣe.

Ìyá ọkọ mi ni kò gbà. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni Àlhájà, ẹja yìnyín ni wọ́n ń tà ní Agbowó kí wọ́n tó bí èmi rárá. Wọ́n wá sọ́dọ̀ wa ní Àkóbọ̀ láti máa bá mi wẹ ọmọ, a sì jọ sọ pé àwọn náà ló máa tọ́jú ẹ̀ tí mo bá wọṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé tí wọ́n bá ife náà láyà mi, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí.

"Ìyàwó, ta ló fi ìwo sí ẹ láyà?"

Ìwo ni èyí tí àwọn Màlámù ní Sábó máa ń gbé sẹ́yìn èèyàn kó lè fa ẹ̀jẹ̀ burúkú jáde. Mo rẹ́rìn-ín. Àlhájà ò rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí ọmọ ì bá mu lo ń fà kúrò yẹn. Tó bá jí, kí ló fẹ́ mu?"

Mo ṣàlàyé pé bí a bá ṣe ń fà á ló ṣe ń pọ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo mọ irú "mo ti gbọ́" yẹn.

Inú àpò ọ̀rá kéékèèké ni mo ń rọ omi náà sí, mo ń kọ ọjọ́ sí i lára, mo sì ń tò ó sínú fíríísà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbé ìgò mẹ́ta sínú fíríìjì lálẹ́ pé tí mo bá wẹ̀ tán láàárọ̀, n ó rọ wọ́n sínú àpò. Ìgbà tí mo fi jáde nílé ìwẹ̀, ìgò ti mọ́, wọ́n ti dojú wọn délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì. Tí omi ọyàn bá tutù, ọ̀rá rẹ̀ máa ń léfòó, ìsàlẹ̀ á wá dà bí omi lásán. Ojú ẹlẹ́ja ni Àlhájà fi wò ó. Ohunkóhun tó bá ti yí àwọ̀ padà lórí yìnyín, dídànù ni lọ́dọ̀ tiwọn, kí oníbàárà má baà ṣàìsàn.

"Ó ti kan," ni wọ́n wí. "Mo ti bá ẹ dà á nù."

Mo bú sẹ́kún. Lẹ́yìn ẹkún, ẹnu mi ò ṣeé dì. Mo ní, "Àlhájà, oúnjẹ ọmọ mi lẹ dà nù yẹn. Ẹ ò bi mí. Ẹ kàn dà á nù." Ohùn mi ròkè ju bó ṣe yẹ kí ohùn ìyàwó ròkè lọ. Ọkọ mi wọlé, ó wò mí, ó ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, ṣùgbọ́n orúnkún mi ló ń bẹ̀bẹ̀, inú mi ò sí níbẹ̀. Àlhájà ní kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wẹ ọmọ tán, wọ́n ní ọjà ń dúró de àwọn, wọ́n di ẹrù wọn, ó di Agbowó. Láti ìgbà náà èmi nìkan ni mo ń wẹ ọmọ, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n wọṣẹ́, àpò méjìlélógún ló wà nínú fíríísà. Mo máa ń ṣí i láìnídìí, kí ojú mi kàn lè rí wọn. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ yẹn ni tiransifọ́mà àdúgbò wa dún gbàmù, iná sì lọ. Àwọn oníná wá wò ó, wọ́n ní ó ti jó, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Jẹnẹrétọ̀ wa sì rèé, ó ti kọṣẹ́ láti oṣù tó kọjá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mo ti ń fìka tẹ àwọn àpò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnnì, ẹ̀rù sì bà mí gan-an. Tí wọ́n bá yọ́, mílíìkì agolo ló kù, mo sì ti rin ọ̀nà yẹn rí, mo mọ ibi tó ń já sí.

Mi ò pe Àlhájà. Ojú ń tì mí, inú ṣì ń bí mi. Ọkọ mi ló pè wọ́n.

Kò tó wákàtí méjì tí takisí kan fi dúró lẹ́nu géètì wa. Àlhájà bọ́ sílẹ̀, awakọ̀ ń gbé kúlà ńlá méjì tẹ̀lé wọn. Wọn ò dúró gba ìkíni, ìdí fíríísà ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n mú àpò kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbọ̀n ọ́n létí.

"Kò tíì yọ́. Ká ní ó ti yọ́ ni, mi ò ní bá ẹ dá a padà sínú yìnyín."

Wọ́n fi ìwé ìròyìn wé wọn ní mẹ́rin mẹ́rin. Wọ́n tẹ́ yìnyín sí ìsàlẹ̀ kúlà, wọ́n wọ́n iyọ̀ lé e, wọ́n to àwọn àpò sí i, wọ́n tún da yìnyín bò wọ́n, wọ́n wá fi àpò ìrẹsì di ẹnu ẹ̀ pinpin. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí iyọ̀ ṣe ń mú kí yìnyín tutù sí i, mi ò rántí iyọ̀.

Mo ní, "Àlhájà, òórùn ẹja ńkọ́?"

Wọ́n yíjú sí mi. "Mo ti kó ẹja kúrò nínú fíríísà kékeré tó wà níbi tí mo ti ń tajà. Mo fọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún. Jẹnẹrétọ̀ tèmi kì í sinmi. Tó bá di Mọ́ńdè, kí o gbé ọmọ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, láàárín kíṣìnnì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rán mi.

Ní Mọ́ńdè, mo gbé ọmọ fún wọn, mo sì wọ kíláàsì. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo ti ilẹ̀kùn yàrá tí a ń kó ohun èlò kẹ́mísìrì sí, mo gbé ife mi lé àyà láàárín àwọn ìgò ásíìdì, mo fún omi sínú ìgò méjì, mo sì tì wọ́n sáàárín yìnyín nínú fúláàsì. Gbogbo ọ̀nà láti Bódìjà dé Agbowó, ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò: ṣé wọn ò tíì fún ọmọ yẹn lómi?

Nígbà tí mo dé, obìnrin kan ń bẹ Àlhájà pé kí wọ́n ṣí fíríísà kékeré, bóyá ẹja tó tóbi wà níbẹ̀. Àgádágodo wà lẹ́nu ẹ̀.

"Kò sí ẹja níbẹ̀," ni Àlhájà wí. "Omi ọyàn ìyàwó mi ni."

Obìnrin náà rò pé àwàdà ni.

"Àpò méjìlélógún ló kó jọ. Ó ku mọ́kàndínlógún báyìí. Ṣíbí ni mo fi ń fún ọmọ, ó mu mẹ́ta tán lónìí, kò fẹnu kan omi."

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tí ọmọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Mo fà sẹ́yìn díẹ̀ níta kí n lè gbọ́ ọ dáadáa, orí mi wú.

Nígbà tí oníbàárà lọ, mo wọlé. Ọmọ ń sùn lórí ẹní, ikùn ẹ̀ yọ róbótó. Mo kí wọn, mo dúpẹ́. Àlhájà ò wo ojú mi.

"Ogójì ọjọ́ ni ọkọ ẹ yẹn lò lọ́wọ́ mi kí n tó padà sọ́jà," ni wọ́n wí. "Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo fi í sí. Tó bá di ọ̀sán, ọyàn á kún, bùbá mi á tutù. Mo máa lọ sẹ́yìn ìsọ̀, mo máa fún un sínú gọ́tà, mo máa bu omi sí i kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Omi ògì ni ọmọ ń mu nílé, èmi ń fún ọyàn ẹ̀ sínú gọ́tà." Wọ́n tún aṣọ ọmọ ṣe lórí ẹní. "Ìgbà tí mo rí nǹkan yẹn láyà ẹ, inú bí mi. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí."

Mo ṣí fúláàsì, mo mú ìgò méjèèjì jáde. "Àlhájà, ti òní nìyí."

Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ ní ìṣẹ́tí ìró wọn, wọ́n ṣí àgádágodo. Wọ́n nu ọwọ́ wọn gbẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ mi bí a ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.