Òróró Télọ̀ Lórí Kíbọ́ọ̀dù Ìyàwó Mi

Láti ìgbà tí ojú ìyàwó mi ti bàjẹ́ ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí mo bá jókòó ní pálọ̀, kò ní pẹ́ tí màá fi dìde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mo bá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá wo òpópónà wa ní Festac yìí, màá wo ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, màá tún padà wọlé. Òjìji nìkan ni ìyàwó mi ń rí, síbẹ̀ ó máa ń mọ ibi tí mo wà.

"Dádì, ẹ jókòó," á wí. "Ilẹ̀ ilé yìí ò ṣẹ̀ yín."

Táípíìsì ni ní ìgbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Yunifásítì ni mo ti pàdé rẹ̀. Àwọn táípíìsì máa ń tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lẹ́yìn ilé ìkàwé, àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún ìkẹyìn á sì gbé iṣẹ́ àṣekágbá wa lọ bá wọn. Mo gbé tèmi fún un. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ìwé mi ló ń wò, nígbà mìíràn èmi fúnra mi ló ń wò. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ náà, mo rí i pé ìpínrọ̀ kan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo bínú lọ bá a.

"Bọ̀dá," ó ní, "ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kọ ọ́. Ohun tí ẹ kọ ni mo tẹ̀. Tó bá jẹ́ olùkọ́ lẹ ń wá, olùkọ́ wà lókè níbẹ̀ yẹn."

Mo yẹ ìwé mi wò. Lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé n kò ní lè fi ọmọbìnrin náà sílẹ̀.

Ọmọ Kuje, ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ni, nínú àwọn tó ni ilẹ̀ Àmùwò kí ìjọba tó wá kọ́ ilé sí i. Ẹja ni ìyá rẹ̀ ń yan tà. Nínú gbogbo ọmọ tí ìyá náà bí, òun nìkan ló kù láyé báyìí. Lọ́dún tó kọjá ló sọ fún mi pé òun fẹ́ kọ ohun tí òun mọ̀ nípa ìyá òun sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ, nítorí bí òun bá lọ, ìyá òun náà ti lọ pátápátá nìyẹn.

Mo ní kò sí ìṣòro. Kó máa sọ, kí n máa kọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi ṣe é, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, lórí tábìlì ìjẹun. Nígbà tó pé ojú ìwé mẹ́wàá, ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo dé ibi kan tí mo kọ sí i pé, "Nígbà náà ni ìyá mi bá mi wí pẹ̀lú ìfẹ́."

"Ẹ dúró," ó ní. "Ta ló bá ta wí?"

"Ìyá rẹ."

"Ó bá mi wí kẹ̀? Ó nà mí ni! Igi ìdáná ló fà yọ. Mo sọ fún yín pé ó nà mí."

"Mo kàn rò pé fún àwọn ọmọdé..."

"Ìyá ta wá nìyí? Ìyá tí ẹ kọ síbẹ̀ yẹn, ìyàwó pásítọ̀ ni. Ìyá tèmi, ó máa ń bú ẹja tí kò bá tètè gbẹ."

Ó ní kí n kó ìwé náà kúrò, òun á tẹ̀ ẹ́ fúnra òun. Mo ní báwo, pẹ̀lú ojú yìí? Ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí mi. "Ṣé ojú ni mo fi tẹ tiyín nígbà yẹn?"

Ọmọbìnrin wa gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Ìka ìyàwó mi ṣìnà lórí rẹ̀, ó sì tẹ odidi ojú ìwé kan tí kò ní ìtumọ̀. Ọmọ náà wá ra kíbọ́ọ̀dù tó dá dúró, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ga. Ìyẹn dára díẹ̀, àmọ́ ó fúyẹ́ jù. Àwọn táípíìsì àtijọ́ máa ń gbé ìka lé bọ́tìnnì kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi kàn gbé ọwọ́ lé e báyìí, kọ̀ǹpútà ti kọ lẹ́tà kan náà títí dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé.

"Bọ́tìnnì tí kì í ta ko èèyàn," ó ní, "báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀?"

Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ ìyá rẹ̀ mọ́. Á jókòó sórí àga, á káwọ́ sórí itan. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Èmi tí n kì í jókòó, n kò wá lè sùn lọ́sàn-án pàápàá mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe. Mo rántí pé ní ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́, mẹkáníìkì kan máa ń wá lóṣooṣù fi òróró sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn, tí gbogbo rẹ̀ á sì máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Ní ọjọ́ tí ọmọ wa mú un lọ sí ilé ìwòsàn, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Alákijà, mo tọrọ òróró ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ télọ̀ mi. Mo kán an sí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan péré. Nígbà tí mo parí, ọwọ́ mi kò gbà, mo tún kán òmíràn sí i. Odidi wákàtí kan ni mo fi jókòó sójú kan. Inú mi dùn.

Nígbà tí ìyàwó mi dé, kò tíì jókòó tán tó fi gbé imú sókè.

"Kí ló ń rùn bí ilé télọ̀?"

Ó fi ọwọ́ wá kíbọ́ọ̀dù náà kàn. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó wọlé, kò padà sókè. Ó tẹ òmíràn, ìyẹn náà sùn síbẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra ìka rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Mo ti ń retí pé yóò fi mí ṣẹ̀sín, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn rọra sọ pé, "Ẹ̀yin àti àtúnṣe."

Ó dìde wọ yàrá.

Ọmọ wa ló sọ fún mi pé ọmọbìnrin kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, tó máa ń tú kíbọ́ọ̀dù palẹ̀ tí yóò tún un tò títí tí yóò fi bá ìka olówó rẹ̀ mu. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe láti ilé fún iléeṣẹ́ kan. Kíbọ́ọ̀dù títò yìí ni ó fi ń najú. Mo fi ìwé ìròyìn wé kíbọ́ọ̀dù wa lọ bá a. Ó tú u, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Dádì, ẹ fẹ́ dín in ni?"

Mo ṣàlàyé. Kò rẹ́rìn-ín púpọ̀, kí Ọlọ́run bù kún un. Ó ní irin ń lu irin ni ti ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ike àti sípíríìngì kékeré ló wà nínú èyí. Gíríìsì tó ki ni wọ́n ń fi sí i, ìba tí etí búrọ́ọ̀ṣì kíkùn èékánná lè gbé. Ó wá béèrè pé kí ni Mọ́mì fẹ́.

"Ohun tí ó nílò ni pé kí o jẹ́ kó le díẹ̀, kó sì..."

"Ẹ má bínú, sà. Ṣé Mọ́mì ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwé ìròyìn náà.

"Màá wá bi wọ́n fúnra mi," ó ní.

Àárọ̀ Sátidé ló dé. Ó fi sípírítì fọ òróró mi kúrò, ó kó àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ náà sínú páànù oníhò tí wọ́n fi ń yan kéèkì, ó sì gbé bọ́tìnnì mẹ́ta síwájú ìyàwó mi kó tẹ̀ wọ́n wò. Ìyàwó mi tẹ̀ wọ́n bí ẹni tó ń yan ìbẹ́pẹ.

"Èyí rọ̀ bí ẹ̀bà ọlọ́mi. Èyí, ariwo lásán ló ń pa. Ẹ̀n-ẹ́n... èyí. Èyí ń bá mi jà díẹ̀."

"Ìyẹn ló le jù, mà."

"Ìyẹn ni mo fẹ́."

Mo ń lọ mo ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ọmọ oníkíbọ́ọ̀dù náà ní òun nílò fóòmù pẹlẹbẹ tí òun máa tẹ́ sísàlẹ̀. Kó tó sọ ọ́ tán, mo ti wọ bàtà. Mo dé Trade Fair, mo bá ẹni tó ń ta fóòmù tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kó má baà máa pariwo.

"Bàbá, mọ́tò wo ni?"

"Kì í ṣe mọ́tò. Ìyàwó mi ni."

Ó wò mí. "Ìyàwó yín ń pariwo ni, Bàbá?"

"Kò pariwo tó," mo ní. "Gé e fún mi jàre."

Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀rín wọn ni mo gbọ́ láti orí àtẹ̀gùn. Ìyàwó mi ń fi ìka wo àwọn sípíríìngì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti rí méjì tó wọ́ tí ojú ọmọ náà kò rí. Ó sì ń sọ̀tàn ìyá rẹ̀: ẹja, igi ìdáná, gbogbo rẹ̀. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóòmù lábẹ́ apá.

Ó ku díẹ̀ kí oòrùn kan àtàrí nígbà tí iṣẹ́ parí. Ọmọ náà ti fi ọ̀dà èékánná kán ẹ̀kán kékeré kan sórí F àti J, kí ìka ìyàwó mi lè máa rí ilé. Ó gbé ọwọ́ lé e. Kò sí lẹ́tà kankan tó jáde. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, kọ̀-kọ̀-kọ̀, ohùn kékeré tó nípọn. Mo yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó kọ ni pé ìyá òun na òun nítorí ẹja kan, àti pé igi ìdáná náà ṣẹ́, ìyá sì lọ fa òmíràn yọ. Ó tẹ̀ síwájú, ó kọ pé ọjọ́ náà ni wọ́n kó ẹja lọ tà ní ọjà kan. Mo mọ ọjà náà. Wọn kò tíì dá a sílẹ̀ nígbà yẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Ìka mi ti gbéra.

Kò yí ojú padà. "Dádì, ẹ ń mí sí mi lọ́rùn."

"N kò sọ nǹkan kan."

"Imú yín ń sọ ọ́."

Mo jáde. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró sẹ́nu géètì, mo kí aládùúgbò kan, n kò rántí ohun tí a sọ. Ohùn kíbọ́ọ̀dù náà ń bọ̀ láti ojú fèrèsé. Lójijì, ó dákẹ́. Mo yára padà, mo gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Bóyá ọjà náà ló ń ronú nípa rẹ̀. Bóyá ó fẹ́ bi mí.

Kọ̀. Kọ̀-kọ̀-kọ̀.

Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, mo sì rìn lọ sí ìparí òpópónà.