Ìwé Òmìnira Tí Mi Ò Fún Ọmọ Mi

Jórinmọ́rin ni mí. Ọmọ mi obìnrin náà, jórinmọ́rin ni. Ọwọ́-ò-gbọ̀n làwọn oníbàárà ń pè é. Bó bá jó ilẹ̀kùn irin tán, o ò ní mọ ibi tí irin méjì ti pàdé. Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Ó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ náà kún sí i lókè òkun. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ibi mẹ́ta sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ti àkọ́kọ́, wọ́n á máa sanwó fún èèyàn bó ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó gbọ́ èdè wọn, ọjọ́ orí mi á ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà. Ti èkejì, èmi ni màá sanwó ilé ẹ̀kọ́."

"Pa ìyẹn rẹ́."

"Mo ti pa á rẹ́ lọ́kàn tipẹ́. Ti ẹ̀kẹta ló dáa. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí, ọdún kan péré ló máa fi kọ́ sí i, wọ́n á gbà á síṣẹ́. Ìwé òmìnira ni wọ́n ń bèèrè, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ jórinmọ́rin."

Ìyá ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Òmìnira wo? Èmi gan-an, ọdún kẹrìndínlógójì rèé, bàbá ẹ ò tíì tú mi sílẹ̀."

A rẹ́rìn-ín.

Ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá ni mo ti tú sílẹ̀. Gbogbo wọn gbàwé. Ọmọ tèmi ò gbà. Ta ló ń tú ọmọ ara ẹ̀ sílẹ̀? Ibo ló ń lọ? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Orúkọ ẹ̀ gan-an, mi ò mú un dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n ní bọ́bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òwe nìyẹn àbí àwáwí.

A lọ bá alága ẹgbẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ṣí rẹ́jísítà ní ewé kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gá, orúkọ ẹ̀ ò sí níbí."

"Géètì ilé ẹ tó wọ́, ta ló tún un ṣe?"

"Òun ni, sà." Ojú tì í. "Ṣùgbọ́n wọ́n máa pè wá láti ọ̀hún. Ọdún tí ò sí nínú ìwé, mi ò lè lu òǹtẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ ẹ̀ lónìí, kó lo ọdún mẹ́ta."

Ọdún mẹ́ta sí i, ọjọ́ orí ẹ̀ á ti kọjá, ibi kẹta náà ò ní gbà á mọ́.

Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ibi kẹrin sára ògiri. Ìtọ́jú àwọn arúgbó. Wọ́n á kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn ò bèèrè ìwé iṣẹ́ kankan.

Mo ní, "Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹ."

Ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ mi dà?"

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo, ì bá sàn fún mi.

Ó ti lo oṣù mẹ́jọ lọ́hùn-ún báyìí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó pè mí. Ó ní bàbá kan tóun máa ń wẹ̀ fún bi òun léèrè iṣẹ́ tóun kọ́ nílé.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní mi ò kọ́ṣẹ́ kankan, sà."

Mo ní ó dáa.