Àmín Tí Mo Ṣe Létí Odò

Òórùn imí ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tí mo bá ti rántí ìrìn àjò yẹn. A ti wa ọkọ̀ láti Dallas fún ọjọ́ kan àti ààbọ̀, èmi àti màámi, a sì ti wọ àárín àwọn òkè New Mexico, níbi tí iná ti tú jáde láti inú ilẹ̀ láyé àtijọ́. Òkúta dúdú kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí èédú tí wọ́n da omi pa. Màámi fọwọ́ bo imú.

“Ṣé kì í ṣe Sódómù lo gbé mi wá báyìí?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀tàn ni.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò mi, àbíkẹ́yìn màámi, ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Bí mo ṣe fẹ́ ké ni wọ́n ní, “Gbẹ́nu dákẹ́! Ìyá rẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ títí a ó fi sin ín. Gbé e jáde nínú ilé yẹn kí aláàánú kan tó wá bá a kẹ́dùn.” Nílé wa, òkú ọ̀fọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀, òbí kì í sì í sin ọmọ. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mo ń sọ òkodoro ọ̀rọ̀ fún ẹbí aláìsàn lójoojúmọ́, èmi náà ni mo yọ síìmù inú fóònù màámi, tí mo ní ó ti bàjẹ́. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo ní mo fẹ́ mú wọn gbafẹ́. Mo tiẹ̀ ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n.

Ilé kékeré kan létí odò la wọ̀ sí. Láràárọ̀ la máa ń rìn lọ sí ìsàlẹ̀ odò, èmi níwájú, kí wọ́n má baà rí ojú mi. Màámi a máa gbàdúrà bí wọ́n ti ń rìn, wọn a máa pe àwa ọmọ wọn lórúkọ níkọ̀ọ̀kan. Tó bá kan àbíkẹ́yìn, wọn a dúró.

“Olúwa, dá ẹ̀mí rẹ̀ sí fún mi. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ sin mí.” Wọn a ké sí mi níwájú. “O ò ṣàmín?”

“Àmín, mà.”



Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, tó ti dọ̀sán nílé, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi: A ti sin ín. Àsìkò yẹn gan-an ni òyìnbó arúgbó kan ń fa ajá rẹ̀ kọjá, ajá wọ bàtà sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Màámi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí òkúta, omi ń bọ́ lójú wọn. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń sunkún, wọ́n sì rò pé ẹ̀rín ló pa mí.

Nígbà tí a padà dé ilé wa ní Cedar Hill, lẹ́bàá Dallas, pásítọ̀ àti àwọn ìyá ìjọ ti jókòó dè wá ní pálọ̀. Pásítọ̀ sọ ọ́ tán, màámi ò ké. Èmi ni wọ́n kọjú sí.

“Ọjọ́ wo ni wọ́n sin ín?”

Mo sọ fún wọn.

“Ọjọ́ tí mo ń fi ajá rẹ́rìn-ín.” Ohùn wọn ò ga. “O jẹ́ kí n máa gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún òkú, o sì ń ṣàmín.”

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi igbe ta.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tó ọ̀sẹ̀ kan. N kò dá ẹ̀gbọ́n bàbá mi lẹ́bi, torí ká ní mo sọ ọ́ lójú ọ̀nà, ta ni ì bá bá mi di màámi mú? Síbẹ̀, ó ń dùn mí.

Ọ̀dọ̀ wa náà ni wọ́n ṣì ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú ọjọ́ dára, mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ ká jáde lọ gba atẹ́gùn.” Wọ́n pa Bíbélì wọn dé, wọ́n wò mí lójú.

“Ta ló kú?”

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Wọn ò gbà mí gbọ́.