Ìkòkò Ẹ̀fọ́ Verlene Tisdale

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé dókítà ló ní kí Verlene Tisdale má jẹ ẹran mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Atlanta ló kó àṣà àwọn aláwọ̀ funfun wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ìyẹn tilẹ̀ jìnnà sí òótọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí Verlene kò bímọ rí. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́ ní Macon níbí, èmi nínú kíláàsì, òun nídìí ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an ni màá sọ.

Delphine, àbúrò rẹ̀, ló fà á. Àìsàn ṣúgà ti wà nínú ẹbí wọn tipẹ́. Òun ló pa ìyá wọn, òun náà ló mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì Delphine ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Nígbà tí Delphine dé láti ọsibítù, ó ní òun fẹ́ fi ẹran sílẹ̀, àti ẹyin àti wàrà, bóyá òun á lè dáàbò bo ẹsẹ̀ tó kù. Mi ò sọ pé ewé ń wo ṣúgà o. Delphine ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ó sì ń lò ó títí dòní. Ohun tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni pé òun kò lè máa dá jẹ ewé níwájú ẹni tó ń họ egungun.

Verlene dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ohun tí o kò bá ti jẹ, èmi náà ò ní jẹ. Bí mo bá fi kan ètè mi pẹ́nrẹ́n, á jẹ́ pé mo purọ́ fún ọ."

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, kì bá tí sí wàhálà. Ìkòkò ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí Ọjọ́ Àbọ̀wálé bá dé ní oṣù kọkànlá, tí àwọn ọmọ ìjọ tó ti ká lọ sí Detroit àti Chicago bá wálé, oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín, ẹnikẹ́ni kì í sì í ki ọwọ́ bọ ìkòkò ẹlòmíràn. Ẹ̀fọ́ kọ́láàdì, ewé gbòòrò bíi ti kábéèjì, jẹ́ ti ìyá Verlene. Nígbà tí màmá náà kú, Ìyá Pruitt, olórí ilé ìdáná, gbé ìkòkò rẹ̀ lé Verlene lọ́wọ́. Òfin ìkòkò yìí kò pọ̀. Kí a tó gbàdúrà sórí oúnjẹ, Ìyá Pruitt á fi ìgbakọ bu omi ẹ̀fọ́ sínú ife, ẹni tó sè é á kọ́kọ́ mu níwájú gbogbo ènìyàn, Ìyá Pruitt á mu ṣìkejì. Ẹni tí kò bá lè mu nínú ohun tó sè, kí ó gbé ìkòkò náà fún ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ tí a ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, kò sì sí ẹni tó se kọ́láàdì níbẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ọrùn tòlótòló tí wọ́n yan lórí èéfín sí i.

Nítorí náà, bí Verlene bá fi ẹran sè é, tó sì mu ún, ó ti da Delphine. Bí kò bá mu ún, ipò ìyá rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pinnu pé òun kò ní fi ẹran sí i rárá, kí ojú rí ohun tí ojú máa rí.

Díákónì Gadsden ló kọ́kọ́ gbọ́. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ẹlẹ́dẹ̀ ju ìwàásù lọ. Ó pàdé Verlene níbi ìgbọ́kọ̀sí, ó ní, "Sísítà Verlene, wọ́n ní o ti di ehoro."

Verlene ní, "Ehoro kì í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, Díákónì. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Díákónì bá lọ ro ẹjọ́ fún Ìyá Pruitt. Màmá náà kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin ife òun kò yí padà, kí oníkálùkù dúró di ọjọ́ náà.

Ìkòkò àkọ́kọ́ tí Verlene fi dánrawò kò ṣeé gbé síwájú ajá. Ó ra èéfín olómi inú ìgò, èyí tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ ta sánsán bí ẹran yíyan, ó rọ́ ọ sí i, ẹ̀fọ́ náà wá ń rùn bí omi tí wọ́n fi paná. Èkejì kò sàn jù ú lọ. Delphine, tó jókòó sínú àga onítáyà rẹ̀ lẹ́bàá tábìlì, tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹlẹ́dẹ̀ tó ti kú lo ṣì ń wá kiri nínú ìkòkò yìí. Fi í sílẹ̀. Ewé ni kó o sè."

Wọ́n dúró títí òtútù òwúrọ̀ àkọ́kọ́ fi lu àwọn kọ́láàdì inú ọgbà, nítorí ìgbà náà ni ewé náà máa ń dùn. Verlene yan àlùbọ́sà lórí iná títí èèpo rẹ̀ fi dúdú, ó fi òróró ẹ̀pà dín in pẹ̀lú ata gbígbẹ, ó da ewé lé e, ó sì jẹ́ kó rọra hó. Nígbà tó kù díẹ̀ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ló ta fínígà sí i. Delphine tọ́ ọ wò, ó bu òmíràn.

Nígbà tí Ọjọ́ Àbọ̀wálé pé, gbọ̀ngàn kún. Díákónì Gadsden ti gbé abọ́ ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan wá láti ilé, ó ní nítorí pàjáwìrì ni. Ìyá Pruitt bu omi ẹ̀fọ́ sínú ife, ó nà án sí Verlene.

Verlene kò tíì gbà á tó fi sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun tàn wọ́n jẹ. "Ìyá, ẹ gbọ́ ná. Kò sí ẹran nínú rẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún Delphine. Bí ẹ bá fẹ́ gba ìkòkò náà, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n èyí tí mo lè mu ni mo sè." Ó gba ife, ó mu.

Ó dá a padà fún Ìyá Pruitt. Ìyá Pruitt gbé ife sẹ́nu, a rò pé yóò kàn tọ́ ọ wò. Ó mu ún tán pátápátá. Ó tún na ife náà sí Verlene, ó ní kó bu òmíràn.

Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ ìnujú nu ẹnu. Ó ní, "Ọdún kejì rèé tí mo ti ń fi ètè kan ife lásán, tí mò ń fi aṣọ nù ún. Dókítà ti fòfin de ẹran oníyọ̀ fún mi nítorí kíndìnrín. Mo rò pé bí ẹ bá mọ̀, ẹ ó gba ife lọ́wọ́ mi. Verlene, ìkòkò ìyá rẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, abọ́ Díákónì nìyẹn, kó lọ fi kún tirẹ̀."

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé gbogbo ìjọ ló fi ẹran sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ló lọ sídìí abọ́ yẹn, Díákónì fúnra rẹ̀ ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n mo rí i nígbà tó padà wá bu ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò sì yà sídìí abọ́ mọ́.

Nígbà tí ìkòkò kù ìsàlẹ̀, Delphine ní kí wọ́n fún òun ní búrẹ́dì àgbàdo kí òun fi nù ún. Ó ti gbà á lọ́wọ́ kó tó rántí béèrè. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹyin wà nínú rẹ̀?"

Ernestine, ìyàwó Díákónì, ló ni búrẹ́dì náà. Ó ní ẹyin wà níbẹ̀, wàrà sì wà níbẹ̀. Delphine rọra dá a padà sínú àwo. Ìyá Pruitt yíjú sí Ernestine, ó wò ó.

Ernestine ní, "Ìyá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ gbìyànjú ẹ̀ nílé láìsí ẹyin àti wàrà ná."