Ààwẹ̀ Tí Mo Ní Kí Àlájà Gbà

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ Faransé tí mi ò lè sọ di Yorùbá kí ẹni tó sọ ọ́ tó panu dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, ẹnu mi sì mú. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá, Kútọnu ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti kàwé Faransé. Kọ́tìnì òkìrìkà ni mò ń tà ní ọjà Missèbo, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa ń fi aṣọ bo ọjà mi, màá gun ọ̀kadà tí à ń pè ní zémì, ó di ilé ìwòsàn kékeré kan ní Gbégamey. Ibẹ̀ làwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ti ń pàdé. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè máa tọ́jú ara wọn gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Fọ̀n, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá rárá, àwọn àgbàlagbà Nàgó, Yorùbá tibẹ̀, àtàwọn ará Nàìjíríà ló sì kún orí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló bẹ̀ mí pé kí n wá bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọdún mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀.

Òórùn sípíríìtì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì á ya àwo oúnjẹ sára páálí, á fi ìlà pín in: ìlàjì fún ẹ̀fọ́, apá kan fún ẹja tàbí ẹ̀wà, apá kékeré tó kù fún ẹ̀kọ tàbí ìrẹsì. Á ṣàlàyé pé ẹ̀kọ àti gàrí lè má dùn lẹ́nu bíi ṣúgà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dénú ara, ṣúgà ni wọ́n ń dà. Bó bá sọ gbólóhùn kan, èmi á sọ mẹ́ta. Màá fi àwàdà sí i, màá máa fọwọ́ júwe, àwọn ìyá á máa rẹ́rìn-ín, ọkàn mi á sì balẹ̀ pé wọ́n ti gbọ́. Níparí, màá bèèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Wọ́n á ní, "Ó yé wa o!" Èmi á wá yíjú sí nọ́ọ̀sì, màá ní ó yé wọn. Lójú tèmi, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Ìwé kan wà lára ògiri níbẹ̀ tó ń dààmú wa. Lóṣooṣù ni wọ́n máa ń gún ìka àwọn èèyàn wa láti fi wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. "À jeun" ni Faransé ń pe ìyẹn, pé kéèyàn wá láìjẹun. Òun náà ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ sára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ Yorùbá kà, tí kò sì gbọ́ Faransé, kí ni yóò rí níbẹ̀ bí kò ṣe "a jẹun"? Bàbá mẹkáníìkì kan kà á, inú wọn dùn, wọ́n jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì yó bámú kí wọ́n tó wá. Wọ́n tiẹ̀ ń yin ilé ìwòsàn náà pé àwọn ibẹ̀ mọ̀ pé ebi kò dára fún aláìsàn. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Èmi ni mo wá rí ojútùú sí i. Mo ní kí gbogbo wọn gbàgbé ohun tó wà lára ògiri, kí oníkálukú gba ààwẹ̀ wá lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, béèyàn bá ti jẹun alẹ́ tán, ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sí oúnjẹ, kò sí omi, àfi ìgbà tí a bá ṣínu. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ mi dáadáa, inú òfìfo ni wọ́n ń gbé wá. Nọ́ọ̀sì yìn mí, orí mi sì wú.

Oṣù kan lẹ́yìn èyí ni Àlájà dé. Ará Ṣakété ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àǹkárá ni wọ́n ń tà ní Missèbo, ní ìlà kejì sí tèmi. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ní Gbégamey. Wọ́n gbọ́ Fọ̀n tí wọ́n fi ń nájà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò lè fi Fọ̀n ṣàlàyé ara àwọn fún dókítà. Mi ò tíì rí aláìsàn tó mú ẹ̀kọ́ wa lò tó wọn. Wọ́n yọ ṣúgà kúrò nínú tíì wọn. Ẹ̀kọ mẹ́rin tí wọ́n ń jẹ di méjì. A ní kí wọ́n máa rìn, wọ́n ra bàtà tuntun, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé Missèbo. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, ọmọ wọn á gbé wọn lọ sí Fidjrossè, wọ́n á máa rìn létí òkun níbi táwọn ọ̀dọ́ ti ń mu bíà, wọn ò ní wo apá ibẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí a bá gún ìka wọn, ńṣe ni ṣúgà ń ga.

Nọ́ọ̀sì ní kí n bi wọ́n bóyá wọ́n jẹ nǹkan kan kí wọ́n tó wá.

"Àlájà, ṣé ẹ gba ààwẹ̀ wá?"

"Mo gbà á. Láti àsùbáà, omi ò kan ọ̀fun mi."

Mo yíjú sí nọ́ọ̀sì, mo ní wọn ò jẹ, wọn ò mu. "Láti àsùbáà" yẹn, mo fi í sílẹ̀. Ta ló ń ka irú ìyẹn sí? Nọ́ọ̀sì ní a jẹ́ pé ìjẹkújẹ ni wọ́n ń jẹ láwọn ọjọ́ tó kù. Dókítà fi kún oògùn wọn. Ó di oṣù tó tẹ̀ lé e, bákan náà ni. Dókítà tún fi kún un, ó ní bó bá ń lọ báyìí, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ló kù. Ó ń tì mí lójú láti sọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo sọ ìtàn ìyá kan tó ń fi oúnjẹ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí kí dókítà má baà mọ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, Àlájà ni mò ń wò. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Àlájà ò rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn ń tún ìbòrí wọn ṣe. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bi wá ní ìbéèrè kankan mọ́. Mo rò pé wọ́n ti gbọ́n ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n wá pè mí ní ìsọ̀ pé Àlájà ti ṣubú. Mo sáré débẹ̀. Wọ́n wà nílẹ̀ láàárín àǹkárá, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò já gaara. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n, nítorí nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa ní àmì rẹ̀: ṣúgà ara wọn ló lọ sílẹ̀ jù. Mo ní kí wọ́n bá mi wá ṣúgà àti omi. Ariwo ta. Obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn di ọwọ́ mi mú.

"Ṣúgà ló ń da màmá láàmú, ṣúgà náà lo tún fẹ́ fún wọn? Ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni?"

Mo já ọwọ́ mi gbà. Wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì, mo bá gbé orí wọn lé àyà mi, mo ń fún wọn mu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣe, gbígbọ̀n náà rọlẹ̀, wọ́n wò mí dáadáa, wọ́n ní, "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ní mò ń jẹun jù. Láti àná, ẹ̀kọ kan péré ni mo jẹ." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ìdí tó fi yẹ kó dùn mí.

A gbé wọn lọ sílé. Bí wọ́n ṣe ń sinmi, ìyàwó ọmọ wọn fà mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Tantí, ẹ dákun, ẹ bá wa bẹ dókítà nítorí ààwẹ̀ yìí. Bó bá ti di ọjọ́ àyẹ̀wò, kí aago márùn-ún tó lù ni màmá ti ń jí mi kí n wá gbé sààrì kaná. Wọ́n ní ààwẹ̀ tí dókítà pa láṣẹ, àwọn ò ní fi sààrì rẹ̀ ṣeré."

Sààrì! Oúnjẹ táwọn Mùsùlùmí ń jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ara lè gbé ààwẹ̀ ọjọ́ náà. Mo bi í pé kí ni wọ́n máa ń jẹ. Ó ní ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja, àti tíì oníwàrà pẹ̀lú búrẹ́dì, pé ọjọ́ yẹn nìkan ni màmá máa ń jẹun yó láàárín oṣù. Ṣúgà oúnjẹ yẹn la ti ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á kírun àsùbáà, wọ́n á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa láago mẹ́jọ, pẹ̀lú ọkàn mímọ́, nínú ààwẹ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n gba ààwẹ̀. Wọ́n gbà á bí àwọn ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi gbà á, tí à ń fi oògùn kún oògùn, tí à ń pè wọ́n ní òpùrọ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n dákẹ́. Mo kàn lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí a fi kún jù, tó gbé wọn ṣubú, ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, wọ́n á sì lò ó láàárọ̀ ọ̀la. Mo fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà ilé ìwòsàn náà lójú ẹsẹ̀, mo sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì láìfi kan pa mọ́. Kò bú mi. Ó kàn jókòó, ó ń wo ìwé ara ògiri, lẹ́yìn náà ó gbé fóònù, ó pe dókítà. Wọ́n dín oògùn náà kù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn tí mo mú kí wọ́n fi Àlájà rẹ́rìn-ín. Mo ní Àlájà ò purọ́ rí, pé èmi ni mo ṣì wọ́n lọ́nà, kí wọ́n jọ̀wọ́ foríjì mí. Mo rò pé wọ́n á ní kí n dìde, ó ti tán. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo ti ń bi Ọlọ́run pé kí ni mo ṣe fún ara mi tó fi ń purọ́ mọ́ mi lójú gbogbo ayé," ni wọ́n wí. "Bó bá jẹ́ pé ẹ ti gbà mí gbọ́ wàyí, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fi hàn yín."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà òsì, wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Egbò wà lára ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn tó kéré jù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n ní bàtà tuntun tí àwọn fi ń rìn ló họ àwọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì dùn wọ́n, nítorí àìsàn yìí máa ń pa ẹsẹ̀ kú tipiri. Nọ́ọ̀sì figbe ta. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?" ni wọ́n dá mi lóhùn. "Ẹ ó tún ní mo mọ ohun tí mo fi ṣe é."

Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá lọ́jọ́ náà. Wọ́n gé ọmọ ìka náà. Dókítà ibẹ̀ ní ká ní ó fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pẹ́ sí i, ẹsẹ̀ ni ì bá lọ.

Láti ìgbà náà, mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ pé ṣé ó yé e. Mo máa ń ní, "Ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe máa ṣe é nílé." Bàbá mẹkáníìkì ni mo kọ́kọ́ bi. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn bá jẹ ìrẹsì nìkan làwọn ń lo oògùn, àti pé èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mo ronú lọ, mo ronú bọ̀, mo sì rí i pé àwàdà kan tí mo ṣe nípa ìrẹsì ni wọ́n gbé lọ sílé. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́, ó sì jọ pé ìgbà náà gan-an ni mo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọjọ́ ti pẹ́. Mo ti kúrò nílé ìwòsàn náà, ẹlòmíràn ló ń túmọ̀ fún wọn báyìí. Àlájà ṣì wà láàyè, ṣúgà wọn sì wà níbi tó yẹ kó wà. Wọn ò gba abẹ́rẹ́ títí dòní. Èèyàn á ní a dúpẹ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, tí mo bá ń na kọ́tìnì han oníbàárà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn á sọ sí mi lọ́kàn, tí ìyá náà ń gbé egbò kiri nínú bàtà nítorí ẹ̀rín tí mo dá sílẹ̀. Mọ́ṣáláṣí sún mọ́ ìsọ̀ mi. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, Àlájà á wá jókòó sórí àpótí mi, wọ́n á bọ́ bàtà kí wọ́n lè ṣe àlùwàlá. Èmi ni mo máa ń gbé kẹ́tùlù oníike, màá máa da omi sí wọn lọ́wọ́, màá dà á sí wọn lẹ́sẹ̀. Bí mo bá dé ẹsẹ̀ òsì, mo máa ń pẹ́ níbẹ̀, omi á máa dà, á máa dà, títí wọ́n á fi fọwọ́ kan èjìká mi.

"Ó tó, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti mọ́."